Òdòdó fún Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ọjọ́ tí a sin ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, òdòdó bo pósí náà débi pé àwọn tó gbé e ń wá ibi tí wọn yóò fọwọ́ dì mú. Iléeṣẹ́ rẹ̀ mú tiwọn wá, ìjọ mú tiwọn wá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo èrò ti túká ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Bwari, ní Àbújá. Ó pẹ́ kó tó yíjú sí mi. Ó ní, “Àkànní, ọkùnrin yẹn fẹ́ràn òdòdó. Gbogbo ọdún méjìdínlógójì tí mo fi bá a gbé, n kò rí ẹni tó gbé ẹyọ kan fún un rí. Bí èmi bá kú, ẹ má wulẹ̀ kó nǹkan kan lé pósí mi lórí. Ẹ gbé e wá nígbà tí imú mi ṣì ń gbọ́ òórùn.”

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò kúrò lọ́kàn mi lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí ìyá wa jáde láyé. Òun jẹ́ ọmọ ọdún 24, kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì mú mi sọ́dọ̀. Agbẹ̀bí ni. Àwọn mìíràn nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ fọwọ́ gbà ti ń kó ọmọ tiwọn wá kí i báyìí. Nígbà tí wọ́n gbé olú ìlú kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 1991, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló kó wọn wá síhìn-ín. Wọ́n rí ilẹ̀ ní ibòmíràn, ṣùgbọ́n Bwari ni ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́, nítorí òkè. Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n bí wa sí, òkè ló yí wa ká níbẹ̀. Ó ní bí òun bá jí tí òun kò rí òkè, ṣe ló máa ń dà bíi pé ilé náà kò lẹ́yìn.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ìbí rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá, tó máa pé ẹni ọdún 69, mo ní òdòdó ni mo máa fi ránṣẹ́. Òdòdó tútù, kì í ṣe oníke. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì wò mí, ó ní kí n yáa ra àpò ìrẹsì kan fún màmá, kí wọ́n lè ṣàdúrà fún mi. N kò bá a jiyàn púpọ̀. Ìrẹsì dára, mo sì máa ń rà á fún wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé fífún èèyàn ní òdòdó kì í ṣe àṣà wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì wọ̀ mí létí. Ṣé kì í ṣe ewé akòko la fi ń sórí ẹni tó bá joyè? Ta ló bèèrè rí pé ṣé ewé náà ṣe é jẹ? Aṣọ pupa kan tó gbayì láyé àtijọ́, òdòdó la pe òun náà. A mọ ohun tí a ń fi ewé àti ìtànná ṣe. Pàtàkì rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́.

Mo wá ṣọ́ọ̀bù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní àárín ìlú Àbújá. Àwòrán wọn rẹwà. Mo yan róòsì pupa 20, mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò tẹ̀ sórí káàdì, mo fi ₦68,000 ránṣẹ́, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni yóò dé. Àwọ̀ òdòdó àti àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Láti Wuse ní àárín ìlú, èèyàn á gba ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa, á yà sí Dutse, kó tó wá máa gòkè bọ̀ ní Bwari. Kì í ṣe ọ̀nà tó jìn lọ títí, bíi 30 kìlómítà ni, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè sọ ọ́ di ìrìn-àjò. Ọmọkùnrin dispatch tí wọ́n fi ọjà náà rán ní ẹrù mẹ́rin mìíràn tó ń já kó tó kan tiwa. Ọ̀kan nínú ẹrù náà jẹ́ àpò máńgòrò tó ti ń pọ́n, inú àpótí kan náà ni òun àti òdòdó mi jọ wà. Nígbà tó dé Bwari, máàpù orí fóònù rẹ̀ gbé e lọ sí ẹ̀bá Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Lọ́yà, ó ní òun ti dé. Mo ní kò tíì dé. Bó ṣe ń pè mí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, torí apá ibẹ̀, òkè dí i. Ìgbà méje ló pè. Mo ń ṣàlàyé ọ̀dà ògiri ilé, mo ń ṣàlàyé géètì, mo ń ṣàlàyé igi máńgòrò, bẹ́ẹ̀ máńgòrò wà níwájú gbogbo ilé ní Bwari. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló tó fi òdòdó lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Àpótí dúdú ni, oòrùn oṣù kẹta ni.

Mo kúrò ní ibi iṣẹ́, mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí aago márùn-ún lù. N kò bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n wà, wọ́n jókòó sórí àpótí kékeré, bàsíà funfun ńlá tí wọ́n fi ń wẹ àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà níwájú wọn. Róòsì náà wà nílẹ̀ lórí aṣọ ìnura. Ọrùn wọn ti ṣẹ́. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ bó ṣe máa ń dun ni. Ọ̀pá òdòdó á dúró ṣánṣán, ewé ara rẹ̀ á ṣì máa dán, ṣùgbọ́n bí ìka méjì sí ìsàlẹ̀ orí rẹ̀, ibẹ̀ á ti rọ̀, orí á wá dojú kọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

“Wọn ò tíì kú. Òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n. Bá mi mú ọ̀bẹ tó mú wá, má mú sísọ́ọ̀sì, sísọ́ọ̀sì á tẹ ẹnu rẹ̀ pa.”

Wọ́n mú róòsì kan, wọ́n ri ìdí rẹ̀ bọ omi, abẹ́ omi níbẹ̀ ni wọ́n ti gé e, wọ́n gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ìka méjì ló bọ́ sílẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: ìhó kékeré kan, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó yọ lẹ́nu ibi tí wọ́n gé, ó gòkè wá sójú omi, ó bẹ́.

“O rí i? Afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ṣé o mọ rọ́bà dírípù? Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, omi ò ní sàn, o lè so ó kọ́ títí di ọ̀la. Bí wọ́n bá gé òdòdó tí wọ́n sì gbé e síta láìsí omi, afẹ́fẹ́ ló máa fà mu. Tí o bá wá padà fi í sómi, omi ò ní í lè kọjá ibẹ̀ dé orí. Ìdí nìyẹn tí orí fi ṣubú.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ogún. Lẹ́yìn náà wọ́n da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí inú bàsíà, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ, wọ́n wá tẹ́ àwọn róòsì náà sínú rẹ̀, igi, ewé àti orí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí wọn ró kí wọ́n má bàa tẹ̀. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bi wọ́n níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní matron tó kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Obìnrin náà ní ọgbà, kò sì sí wọ́ọ̀dù tí kì í sí òdòdó lórí tábìlì rẹ̀ ní àárọ̀. Bí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá jẹ́ kó rọ, á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, 13 nínú wọn ti gbé orí sókè. Méje kò dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi já ewé orí àwọn méje yẹn, wọ́n kó o sínú àwo pẹrẹsẹ kan, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí. Mo mọ̀ pé inú wọn dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ padà sílé lóru yẹn, ọkàn mi kò balẹ̀: wọ́n fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ìbí wọn tọ́jú ẹ̀bùn tó yẹ kó tọ́jú wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè, tí mo ń kà, tí mo ń dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ọmọkùnrin dispatch. Òun kò mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí ló gbé. Èyí tó pọ̀ nínú róòsì tó ń yí ayé ká, ibi tó ga tó sì tutù ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ní Kẹ́ńyà, àyíká adágún Naivasha ni, ilẹ̀ náà ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 1,900 mítà. Bí wọ́n bá ti gé e, inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 4 Celsius ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí títí tó fi máa wọ bàálù. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ilẹ̀ Jos ga tó 1,200 mítà, òtútù òru rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀dùnkún àti strawberry ṣe dáadáa níbẹ̀, róòsì náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wá wo òdòdó tó ti bá òtútù dàgbà, tó sùn nínú fíríìjì ní àná, tí wọ́n ká mọ́ inú àpótí lórí ọ̀kadà fún wákàtí mẹ́fà láìsí ìkán omi kan lẹ́nu rẹ̀. Ìyanu ni pé 13 padà sáyé.

Máńgòrò náà tún dá kún un. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ethylene. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ: bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè pọ́n, wọ́n á fi èyí tó ti pọ́n sáàárín rẹ̀, wọ́n á dì í pa mọ́ inú àpò. Gáàsì kan náà tó ń sọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé ó tó àkókò ló ń sọ fún òdòdó pé kó gbó. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé àwo èso sórí tábìlì tí òdòdó wà; mo ní kí wọ́n gbé e kúrò, wọ́n sì gbé e.

Ọ̀nà tí mo gbà bá ìyá olódòdó pàdé nìyí. Mo fẹ́ ra ohun tí ẹ̀gbọ́n mi máa fi òdòdó sí, torí nínú jọ́ọ̀gì ike ni róòsì yẹn lo ọjọ́ mẹ́rin tó lò. Mo lọ sí Ushafa, kò jìnnà sí Bwari. Abúlé amọ̀kòkò ni, àwọn obìnrin ẹ̀yà Gbagyi ló ń mọ ọ́n. Ushafa yìí ni Bill Clinton dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, nígbà tó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ náà ti gbajúmọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ yí owó ₦20 sí ẹ̀yìn, ẹ óò rí Ladi Kwali, amọ̀kòkò olókìkí, níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, ọmọ Gbagyi ni òun náà. Mo ra ìkòkò pupa kan tí ọrùn rẹ̀ gùn díẹ̀, tí wọ́n fín ilà sí lára yíká. Ìkòkò amọ̀ tí wọn kò fi ohun dídán bò máa ń làágùn, ìyẹn ló ń mú kí omi inú rẹ̀ tutù ju omi inú ìgò lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé ara rẹ̀ ń fa ìdọ̀tí mu, nítorí náà èèyàn ní láti fọ̀ ọ́ dáadáa, kó sì gbé e sóòrùn kó gbẹ kó tó tún lò ó.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo rí ọgbà kan létí ọ̀nà, wọ́n to igi gbígbìn sínú ọ̀rá dúdú ní ìlà-ìlà, obìnrin kan ń fi kétùlù bomi rin wọ́n. Mo gbọ́ tó ń fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ wí, mo bá dúró. Ará Òmù-Àrán ni, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà ní Bwari. Ìyá olódòdó ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, ẹni tó bá sì bá a rajà á rí i pé olódodo ni. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni 70 lọ́dún yìí, mo pe ìyá olódòdó. Mo ní róòsì ni mo fẹ́.

“Ẹ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́, oníbàárà mi. Ta lẹ fẹ́ fún?”

Mo sọ fún un.

“Ẹ̀yin ẹ kú oríire. Ọjọ́ wo ló bọ́ sí?”

“Sátidé ni, mà.”

“Róòsì ò burú, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ni tèmi máa ń dé láti Jos. Tó bá fi máa di Sátidé, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nínú ẹ̀mí rẹ̀. Mi ò ní gbowó ọjọ́ tó ti lọ lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé èyí tó wà nínú ọgbà, kí n fi lílì sí i. Ṣé ológbò wà nílé wọn?”

Mo ní kò sí. Mo bi í pé kí ni ológbò ti jẹ́.

“Bí ológbò bá jẹ ewé lílì, tàbí tí ìyẹ̀fun orí rẹ̀ bá kán sí i lára tó sì fi ahọ́n lá a, kíndìnrín rẹ̀ á bàjẹ́, ó lè kú. Mi ò kì í ta lílì fún ilé ológbò. Èémí ńkọ́? Ṣé kì í há wọn? Èyí tí mo fẹ́ fi sí i ní òórùn gan-an.”

“Rárá o, òórùn gan-an ni wọ́n fẹ́, mà.”

“Ó dáa. Níbo ni oòrùn ti ń wọ pálọ̀ wọn? Aago mélòó ni wọ́n ń jí?”

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò tíì dárúkọ owó. Mo sọ fún un pé aago márùn-ún ni wọ́n ń jí gbàdúrà, pé fèrèsé tó kọjú sí òkè kì í rí oòrùn àárọ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni kí wọ́n gbé e sí. Ó wá bi mí ní àdírẹ́sì. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀dà ògiri, mo ní agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

“Ṣé Ìyá Nọ́ọ̀sì ni? Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹni tó gbẹ̀bí ọmọ mi kejì ni mo máa bèèrè ilé rẹ̀?”

Ohùn rẹ̀ yí padà pátápátá. Nígbà tó wá sọ iye rẹ̀, ₦23,000 ni, ó sì ní ọmọ òun yóò gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi mọ́jú Sátidé. N kò sọ nǹkan kan fún wọn. Kò tíì tó aago méje nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kadà níwájú géètì, òkè ṣì wà nínú kùrukùru, ilẹ̀ ṣì tutù lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò gbé àpótí. Gárawà ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, omi dé ìdajì rẹ̀, òdòdó dúró sínú rẹ̀, ó fi aṣọ tútù bò wọ́n lórí nítorí eruku. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gé wọn, nígbà tí omi òru ṣì kún inú igi wọn. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣí géètì. Wọ́n ká aṣọ náà kúrò. Heliconia márùn-ún, àwọn tó rí bí ẹnu odídẹrẹ́ tó tò léra, pupa rẹ̀ ń jó bí iná. Ginger pupa mẹ́ta. Chrysanthemum funfun. Igi lílì mẹ́ta tí kò tíì là, ẹyọ kan ṣoṣo ló fi àwọ̀ hàn díẹ̀ ní ẹnu. Láàárín gbogbo wọn, ìyá olódòdó fi igi pèrègún méjì sí i, ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán.

“Pèrègún!” Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ bo ẹnu. “Àkànní, wo pèrègún. Òun ni bàbá wa àgbà fi pààlà oko. O ò lè rántí, o ò tíì dé ayé.”

Wọn kò wo heliconia fún ìgbà díẹ̀. Pèrègún ni wọ́n mú dání.

Àwa mẹ́ta la to ó sínú ìkòkò Ushafa náà, ọmọkùnrin yẹn ń sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ní kó sọ. Kí a já gbogbo ewé tí omi máa bò kúrò, torí ṣe ló máa jẹrà. Bí lílì bá ti ń là, kí a yọ àwọn ọ̀pá kéékèèké tó ru ìyẹ̀fun pupa rẹ̀ kí ó tó tú sórí aṣọ, nítorí kì í fọ̀ kúrò bọ̀rọ̀. Kí a má ṣe gbé heliconia sínú fíríìjì láé, ọmọ ilẹ̀ ooru ni, òtútù máa ń mú kó dúdú. Sí omi náà, ṣíbí kékeré ṣúgà kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ àti ẹ̀kán blíìṣì bíi mẹ́ta nínú lítà kan, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí. Wọ́n ti mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ́ tán.

Àwọn èèyàn ti ń bi mí láti ìgbà tí mo fi àwòrán rẹ̀ síta pé báwo ni àwọn náà ṣe lè ṣe é fún òbí wọn ní Bwari, ní Ushafa, ní àwọn ibi tó wà ní ẹsẹ̀ òkè báyìí. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ẹ wá ẹni tó ń gbin òdòdó sí tòsí ibẹ̀ kí ẹ tó wá ẹni tí àwòrán rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kó gbéra kí oòrùn tó mú, nínú omi. Ẹ sọ ilé náà bí ará àdúgbò ṣe ń sọ ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé máàpù. Bí ó bá jẹ́ róòsì dandan ni, ẹ fi ìka méjì tẹ ìdí orí rẹ̀ díẹ̀. Bó bá le, ó ṣì tuntun, bó bá rọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. Híbísíkọ́ọ̀sì rẹwà lára igi, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni òdòdó rẹ̀ ń gbé, bougainvillea náà kì í pẹ́ rọ tí wọ́n bá ti gé e. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi ìwé tútù wé e, torí atẹ́gùn yẹn a máa fa omi jáde lára ewé bó ṣe ń fà á jáde lára ètè wa. Àwọn tó ń ra òdòdó fún ìfẹ́ ní 14 oṣù kejì mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọjọ́ìbí náà, fóònù mi dún ní aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀. Àyà mi já, torí ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ kì í ṣe tire nígbà mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

“Àkànní, èyí tó kẹ́yìn nínú lílì yẹn ti là. Yàrá ni mo wà o, mi ò tíì dé pálọ̀. Òórùn rẹ̀ ló jí mi.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” N kò mọ ìdí tí mo fi dúpẹ́.

Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Òdòdó ti tán, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti gbé e sóòrùn. Ṣùgbọ́n wọn kò da pèrègún nù, inú ìgò omi ni wọ́n fi í sí, ó sì ti yọ gbòǹgbò, wọ́n ní gbòǹgbò náà funfun bí òwú. Wọ́n ti wo ibi tí wọ́n fẹ́ gbìn ín sí, ẹ̀yìn ilé, ní ìhà òkè.

“Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé,” wọ́n ní, “mú ọkọ́ dání.”